Rárá Mẹ́ta ti Verlyn Brekhus

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verlyn Brekhus fi ń fẹ́ omi kúrò nínú páìpù abẹ́ koríko gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa, kò sì sí fáàfù kan ṣoṣo tó bẹ́. Ó dá mi lójú, nítorí èmi ni mo wà nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fáàfù yẹn nílùú Vang títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí tirẹ̀ bá bẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹnikẹ́ni láti òpópónà wa kò wá rí.

Ẹni tó bá ní koríko níwájú ilé ní apá Minnesota tiwa yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ooru, àwọn orí páìpù kéékèèké á yọ jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n á fọ́n omi yí ká, wọ́n á tún wọlẹ̀ padà. Omi tó bá kù sínú páìpù kò níbi tó ń lọ. Bí òtútù bá ká a mọ́bẹ̀, á dì, á wú, á sì fọ́ ohunkóhun tó bá há a mọ́. Nítorí náà, kí oṣù Kẹwàá tó parí, èèyàn á ti omi pa ní yàrá abẹ́ ilé, á so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ páìpù, á sì fẹ́ ẹ títí afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan ni yóò fi máa jáde lójú àwọn orí yẹn. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á fi oṣù Karùn-ún gbẹ́ ilẹ̀.

Verlyn ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Òun ló ń wa katakata tó ń tẹ́jú ọ̀nà fún ìjọba ìbílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà kan náà ló sì ń dé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ yẹn ti ń pa ewú orí rẹ̀ láró báyìí. Nọ́ọ̀tì tó bá rí lójú títì, àpò rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, tó tó ọmọ màlúù, tó ní táyà méjì lábẹ́, níbi gbàǹjo ló ti rà á nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà kógbá sílé. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Kéèkì pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin wa ń gé ní igun mẹ́rin ni wọ́n máa ń fún un, kò sì ní gba ìyẹn pàápàá láìkọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Níbí, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, rárá ni wàá kọ́kọ́ sọ. Rárá àkọ́kọ́, ti ọmọlúàbí ni. Èkejì, ó wà láti fi mọ̀ bóyá ẹni tó ń lọ̀ ọ́ fẹ́ ẹ dénú. Tó bá di ìgbà kẹta, wàá mí kanlẹ̀, wàá ní, "Ó dáa, tí kò bá ti ní yọ yín lẹ́nu," wàá sì gbà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Mo ti rí ọkùnrin kan tí mọ́tò rẹ̀ rì sínú kòtò, tí òtútù ń gbọ̀n ọ́n bí ewé, tó wí fún ẹni tó gbé katakata wá pé rárá, kò le tó bẹ́ẹ̀. Oní-katakata dúró sójú kan, ó tún bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á jáde, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Ó yé àwọn méjèèjì.

Sátidé kejì nínú oṣù Kẹwàá tó kọjá, Verlyn ṣe ilé mọ́kànlá. Tirẹ̀ ló máa ń ṣe kẹ́yìn. Ilé kan ṣoṣo ló fò, ìyẹn ilé Dale Tackett tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ará Texas ni Tackett, ó ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún, oṣù Kẹfà ló kó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà sára abà àti àká àgbàdo. "Sà" ló ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá jù ú lọ, èyí sì máa ń mú kí a wẹ̀yìn wò bóyá ọlọ́pàá ló ń bọ̀.

Mo wà níta níwájú ilé mi ní òdìkejì títì nígbà tí Verlyn fa ẹ̀rọ rẹ̀ dé iwájú ilé ọkùnrin náà.

"Ṣé kí n fẹ́ tìẹ náà?"

"Rárá sà, ẹ ṣé."

"Kò sí wàhálà ńbẹ̀ o."

"Rárá sà. Mo ti ti omi pa."

"Ẹ̀rọ ṣáà ti wà níta báyìí."

"Mo dúpẹ́, sà. Rárá."

Verlyn dúró bí ẹni tí àtẹ̀gùn yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó fa ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi.

"Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Ó sì jọ pé òótọ́ ló ń sọ."

A jọ kọjá sílé rẹ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ páìpù tirẹ̀, ó tàn án, ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún gbàù! Èéfín dúdú bo fèrèsé ilé ìdáná. Nígbà tó lọ tán, irin kan ti dá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà lu, ó yọ orí síta. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kú kí ìyá mi tó kú. Ohun tí wọ́n lè rí gbà lórí rẹ̀ kò ju owó irin àlòkù lọ.

Verlyn fa tapólì bò ó.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó ní.

"Kí ni kí n má sọ?"

"O ṣeun."

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí Tackett fi dé. Ó gbọ́ ariwo náà. Gbogbo ìlú Vang ló gbọ́ ọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun kan wà, aláwọ̀ pupa, tó fi ń fọ́n ọ̀dà.

"Ọ̀gbẹ́ni Brekhus, sà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi fẹ́ ẹ fún yín. Kò ní pẹ́."

"Áà, rárá o, rárá," ni Verlyn wí. "Ìwọ náà ní nǹkan tó ò ń ṣe."

"Kò burú, sà," ni Tackett wí. Ó yí padà, ó lọ sílé.

Verlyn ti la ẹnu de rárá kejì. Ẹnu náà wà ní lílà. Ardell ìyàwó rẹ̀ ṣí fèrèsé ìdáná, ó ń fi ọwọ́ lé èéfín.

"Verlyn, ṣé mo gbọ́ dáadáa? Ọmọkùnrin yẹn ní òun á fẹ́ ẹ, o ní rárá?"

"Rárá àkọ́kọ́ ni."

"Ó ti lọ."

"Ó ń padà bọ̀."

"Ó ti wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn."

A dúró. Èmi náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí. Kò sẹ́ni tó jáde.

Rédíò ní tó bá di alẹ́ Ọjọ́rú, òtútù á já sí mẹ́rìnlá lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí à ń lò níbí. Omi kì í dúró de mẹ́rìnlá kó tó dì. Méjìlélọ́gbọ̀n ti tó o. Fáàfù idẹ tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri níta ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé méjìlá ni èyí tí Verlyn ní, láìka owó ẹni tó máa so ó. Ṣùgbọ́n Verlyn ti tọ́jú ju iye yẹn lọ sábẹ́ ibùsùn. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí fáàfù náà bá fi lè bẹ́, gbogbo òpópónà ló máa rí i: Verlyn Brekhus, tó gba ilé mọ́kànlá là, tó sì jẹ́ kí tirẹ̀ bẹ́.

Mo sọ fún un pé kó pe àwọn tó ń gbowó ṣe é láti ìlú ńlá.

"Mo ti pè wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá. Àti pé kí mọ́tò wọn wá dúró níwájú ilé mi ní ọ̀sán gangan? Ṣé orí ẹ pé?"

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pé lé e lórí nídìí kọfí. "Verlyn, o tún ti gbà wá lọ́dún yìí o. Tìẹ ńkọ́, ṣé ó ti parí?" Ilé Olúwa ni a wà, nítorí náà kò lè parọ́. Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Ardell sáré gbé kọfí sẹ́nu kí a má bàa rí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe.

Ní Ọjọ́ Ajé, Verlyn bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ. Gẹ́rẹ́ tí Tackett dé láti ibi iṣẹ́, bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń wo koríko bí ẹni tí òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń gbá ewé, mo sì rọra ń gbá a sún mọ́ wọn.

"Òtútù fẹ́ mú díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí," ni Verlyn wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ti ra kóòtù."

"Kóòtù dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ ẹ yẹn rẹwà o."

"Ẹ ṣé, sà."

"Á máa lágbára gan-an nìyẹn."

"Ó lágbára, sà. Àbí ẹ fẹ́ lò ó ni?"

Ojú mi ni ó ṣe. Ọkùnrin yẹn bi í, gbangba gbàǹgbà, ohun tí Verlyn ti ń retí láti ọjọ́ méjì. Ẹnu Verlyn kò sì dúró de ọgbọ́n orí rẹ̀.

"Rárá o, rárá! Mo kàn ń wò ó ni."

"Kò burú, sà."

Ó wọlé. Ardell wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu.

"Ó kù kan," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ó kù kan!"

"Mo kàn ń bá ẹ kà á ni. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá sílé wa? Bàbá mi gbé oúnjẹ fún ẹ, o ní rárá. Ó tún gbé e fún ẹ, o ní rárá. Bàbá mi ò sì gbọ́ràn dáadáa, ó gbé abọ́ náà fún ajá."

"Ajá yẹn ò tilẹ̀ dúpẹ́," ni Verlyn wí.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń fẹ́ táyà mọ́tò mi lọ bá a. Mo fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí ọbẹ̀ mi wà lórí iná. A so ó mọ́ páìpù, a tàn án, a dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí kan ṣoṣo gbéra díẹ̀ láàárín koríko, ó húkọ́, ó tu itọ́ díẹ̀ sí ara rẹ̀, ó tún rọra wọlẹ̀ padà.

"Ó jọ ẹ́ láàárọ̀," ni Ardell kígbe láti ojú fèrèsé.

Mo gbé ẹ̀rọ mi relé. Agbára rẹ̀ kò tó, bí a tilẹ̀ tàn án títí di Kérésì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, afẹ́fẹ́ ti yí padà láti àríwá, àwọsánmà sì ti funfun bí eérú. Tackett kọjá títì wá bá mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún Ọ̀gbẹ́ni Brekhus?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó máa ń wá dúró ti mọ́tò mi. Á wò ó. Á mí kanlẹ̀. Á lọ. Láàárọ̀ yìí, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ mi lára bí ẹṣin."

"Kí ló dé tí o ò tún bi í bóyá ó fẹ́ lò ó?"

"Mo ti bi í sà, ó ní rárá! Lọ́dọ̀ tiwa, tí àgbàlagbà bá ti ní rárá, tí o bá tún bi í, o ń pè é ní ọ̀lẹ nìyẹn. Bàbá mi á gbá mi létí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun náà bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà! Mo ní, kí ni bàbá yìí rí lára mi gan-an?"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sín.

"Omi tìẹ ńkọ́?" mo bi í.

"Mo ti tì í pa lábẹ́ ilé."

"Èyí tó wà nínú páìpù ńkọ́?"

"Èwo nínú páìpù?"

Nígbà náà ni mo rí i pé fáàfù méjì ló fẹ́ lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé mẹ́rìnlélógún lápapọ̀, nítorí pé ọ̀kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá lẹ́ẹ̀kan, èkejì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè fara mọ́ irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀.

"Lọ bá Verlyn," mo ní. "Sọ fún un pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá kọ́ ẹ."

"Ṣé kò ní kọ̀?"

"Ẹni tó bá fẹ́ ran Verlyn lọ́wọ́ ni Verlyn ń kọ̀ fún. Ẹni tó bá ní kí Verlyn ran òun lọ́wọ́, àfi kó yáa kúrò lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá wá parí tìẹ, bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá kí o fẹ́ tirẹ̀."

"Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì, sà!"

"Ìdí tí mo fi ní kí o bi í nìyẹn."

Tackett wò mí, ó wo títì, ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Ìlú yín yìí," ó ní, ó sì lọ.

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí Verlyn fi jáde, apá kan nínú kóòtù, apá kan níta. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, wọ́n ti so rọ́bà ẹ̀rọ pupa náà mọ́ páìpù Tackett. Mo gbé àga síta láti wò wọ́n; kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé.

"Wo géèjì yìí, òun ló ń wọn agbára afẹ́fẹ́," ni Verlyn ń wí. "Àádọ́ta. Má jẹ́ kó kọjá àádọ́ta. Páìpù ni o, kì í ṣe táyà tírélà. Ó yá, rọra ṣí i."

Àwọn orí dìde lẹ́ẹ̀kan náà láàárín koríko. Omi kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omi òun afẹ́fẹ́, tó funfun bí èéfín, tó ń tutọ́ káàkiri. Ojú Verlyn tàn. N kò rí i bẹ́ẹ̀ láti Sátidé.

"Gbọ́ ọ! Omi ṣì nìyẹn... omi ni... omi... Ó ti di afẹ́fẹ́! Tì í! Kí páìpù tó gbóná. Bọ́ sí èyí tó kàn!"

Wọ́n ṣe ìpín márààrún tí páìpù náà pín sí lábẹ́ koríko. Nígbà tí wọ́n fi parí, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, imú mi sì ti le. Tackett ń ká rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè wò mí láti òdìkejì títì. Mo mi orí sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Brekhus, sà," ó ní. "Ṣé kí n fẹ́ tiyín náà?"

Mo rí i. Mo rí rárá náà bó ṣe ń gun ọ̀fun Verlyn bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè. Ètè rẹ̀ là.

"Verlyn!" Ardell ti jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn o!"

"Mo ń kà á, obìnrin yìí!"

Ó gbé rárá náà mì. Ó mí kanlẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Tí kò bá ti ní yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti Sátidé, sà," ni Tackett wí.

Inú ọmọkùnrin náà dùn débi pé ó ṣí ẹ̀rọ láìwo géèjì. Ibi ọgọ́rin ló gbà lọ. Àwọn orí tó wà lára koríko Verlyn fò dìde bí ẹni tí kòkòrò ta, ọ̀kan tó wà létí ọ̀nà sì já kúrò ní ọrùn rẹ̀, ó gba ojú òfuurufú, ó sì gbá fìlà Verlyn kúrò lórí rẹ̀ tefétefé. Yàtọ̀ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti pé ogún ọdún tí mo rí orí ọkùnrin yẹn kẹ́yìn. Ó funfun bí ẹyin tí wọ́n bó.

"Àádọ́ta!" ni Verlyn ké nínú ìkùukùu omi. "Mo ní àádọ́ta!"

Ardell ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò lè dìde.

Wọ́n dín in kù, wọ́n fẹ́ ẹ tán, ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fáàfù idẹ sì gbẹ. Ó wá ku ihò tí orí yẹn ti já. Mo ní irú rẹ̀ nílé, dọ́là mọ́kànlá ni nígbà tí mò ń tà á, èyí tó kù sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo gbé e kọjá títì.

"Gba èyí," mo wí fún Verlyn.

"Áà, rárá o, ìwọ lo ni ín."

"Verlyn, mi ò ní bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọbẹ̀ mi wà lórí iná."

Ó gbà á.

Mọ́kànlá ni òtútù náà já sí, kì í ṣe mẹ́rìnlá. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Verlyn wọ bàtà sórí aṣọ oorun, ó jáde lọ fi ìka kan fáàfù rẹ̀. Ó dún kọ́ọ́, bí agolo òfo. Ó kọjá sí ti Tackett, ó kan ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo kéèkì pẹlẹbẹ tí Ardell ti gé sílẹ̀ láti àná, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọmọkùnrin náà.

"Ardell ní kí n gbé e wá."

"Rárá sà, ẹ ṣé."

"Mú díẹ̀."

"Rárá sà."

"Á kàn ṣòfò ni."

Tackett wò mí. Mo na ìka mẹ́ta sókè láti ẹnu ọ̀nà mi.

"Ó dáa," ó ní, "tí kò bá ti ní yọ yín lẹ́nu." Ó sì gba gbogbo rẹ̀, kéèkì àti àwo, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn máa ń mú níbí. A gbàgbé láti sọ ìyẹn fún un. Àwo ìgbéyàwó Ardell sì ni, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ búlúù létí. Ó ti di oṣù Kejìlá báyìí, yìnyín ti bo koríko gbogbo wa, àwo náà ṣì wà lọ́dọ̀ Tackett.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé e wá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ kó ẹ̀pà sínú rẹ̀. Verlyn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Verlyn ní rárá àkọ́kọ́, Tackett sì gbé e padà lọ.